Ìtàn Àríyànjiyàn Lórí Bí Sẹ́ẹ̀lì Ti Ń Rí Agbára

Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí ìdáhùn rẹ̀. Oúnjẹ tí a jẹ, báwo ni ó ti ṣe di agbára tí a fi ń rìn, tí a fi ń ronú, tí ọkàn wa fi ń lù? Ewé orí igi, báwo ni ó ti ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí ó lè fi ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kọ́ ìdáhùn yìí bí ọmọdé ti ń kọ́ a, b, d: mitokọ́ńdíríà ni ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, kilorópíláàsì ni ilé ìdáná ewé, ó parí. Èmi kò ní kí a má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìjà tí wọ́n jà kí gbólóhùn kékeré yìí tó ní ìtumọ̀ kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wò ó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yára kọjá lára ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, nítorí pé kò sí àríyànjiyàn púpọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ní ìgbà òtútù ọdún 1782 sí 1783, ní ìlú Paris, Lavoisier àti Laplace fi guinea pig, ẹranko kékeré kan tí ó jọ òkété, sínú àpótí tí wọ́n to yìnyín yí ká, wọ́n sì wọn omi tí ó yọ́ kúrò lára yìnyín náà. Wọ́n fi èyí wé ooru tí èédú tí ń jó ń mú jáde, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ sí pé èémí ẹranko jẹ́ irú ìjóná kan tí ń lọ díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n iná tí ń jó igi kì í kọ́lé, kì í gbẹ́rù. Ooru lásán ni ó ń dà sí afẹ́fẹ́. Ara wa ń jó oúnjẹ, síbẹ̀ ó ń rí nǹkan tọ́jú nínú ìjóná náà láti fi ṣiṣẹ́. Kí ni ohun tí ó ń tọ́jú, ọ̀nà wo ni ó sì ń gbà tọ́jú rẹ̀?

Ìdajì àkọ́kọ́ ìbéèrè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìdáhùn sí. Ní ọdún 1929, Karl Lohmann, ará Jámánì, rí èròjà kan nínú iṣan ẹran, èyí tí a ń pè ní ATP. Fọ́sífétì mẹ́ta ni ó so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí omi bá já ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, agbára a jáde. Bí a bá sì fẹ́ so ẹyọ náà padà, àfi kí a náwó agbára. Fritz Lipmann ni ó ṣàlàyé ní ọdún 1941 pé ATP yìí ni àwọn ohun abẹ̀mí ń gbà tí wọ́n sì ń ná, gẹ́gẹ́ bí ará ọjà ti ń ná owó. Kì í ṣe owó tí a ń kó pamọ́ o. Èyí tí ó wà lára àgbàlagbà ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kò tó ìdajì kílò, ṣùgbọ́n nítorí pé ara ń ná an, tí ó sì ń ṣe é padà láìsinmi, àpapọ̀ èyí tí a ń ṣe láàárín ọjọ́ kan sún mọ́ ìwọ̀n ara wa.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe owó náà kò pẹ́ di mímọ̀. Richard Altmann ti ṣàpèjúwe àwọn hóró kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1890; Carl Benda ni ó sọ wọ́n ní mitokọ́ńdíríà ní 1898, orúkọ tí ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ṣe, èyí tí ó jẹ́ òwú àti èyí tí ó jẹ́ hóró. Ní ọdún 1948, Eugene Kennedy àti Albert Lehninger ní Chicago fi hàn pé inú àwọn hóró wọ̀nyí ni ìjóná tí ń mú ATP wá ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1954, Daniel Arnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, fi hàn pé kilorópíláàsì tí wọ́n yọ nínú ewé ẹ̀fọ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní spinach lè fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ATP bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni David Keilin, ní Cambridge, ti ṣàwárí láti ọdún 1925 àwọn èròjà tí ó pè ní cytochrome, àwọn tí ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ti ara oúnjẹ wá, tí wọ́n ń fi í lé ara wọn lọ́wọ́, bí àwọn ènìyàn tí wọ́n tò láti etí odò dé ibi iná tí wọ́n ń na garawa omi síra wọn, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ́síjìn. (Májèlé inú ẹ̀gẹ́ tútù, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi rírẹ, fífún àti yíyan lé jáde kí gàrí tó di jíjẹ, ọwọ́ tí ó kẹ́yìn nínú ìtò yìí gan-an ni ó ń dè.)

A ti mọ owó náà, nígbà náà. A mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é, a sì mọ iná tí ń jó nínú ilé náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni okùn tí ó so iná mọ́ owó.

E. C. Slater, ọmọ ilẹ̀ Australia, dá àbá kan ní ọdún 1953. Ó ní ó yẹ kí èròjà kan wà ní agbedeméjì, èyí tí yóò gba agbára lọ́wọ́ àwọn cytochrome, tí yóò gbé e rù, tí yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí a ti ń so fọ́sífétì. Àbá yìí bọ́gbọ́n mu. Ní apá mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí a ti ń fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn, irú èròjà agbedeméjì bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì ti mú un sínú ìgò. Kí ni kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ wà nínú mitokọ́ńdíríà? Àwọn yàrá ìwádìí ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Wọn a kéde pé ọwọ́ ti bà á. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ìkéde náà a wó.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibi tí ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wà nìyí. Ọ̀nà tí onímọ̀ kẹ́míkà ohun abẹ̀mí ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé kí ó gún sẹ́ẹ̀lì, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó yọ èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó sì wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìgò tirẹ̀. Ọ̀nà yìí ti so èso rere fún ìran mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gún mitokọ́ńdíríà kọjá ààlà, ohun kan tí ó rúni lójú a ṣẹlẹ̀: ìjóná yóò máa bá a lọ, ọ́síjìn yóò máa tán, ṣùgbọ́n ATP kò ní jáde mọ́. Ìjàǹbá iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn kà á sí. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti le jù, wọ́n sì lọ ń rọra gún un. Díẹ̀ ni ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé bóyá ohun tí àwọn ń fọ́ yìí gan-an ni ohun tí àwọn ń wá.

Àdììtú kejì tún wà. Èròjà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dinitrophenol, tí wọ́n ń lò láti ṣe ohun ìjà olóró. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ kàn án ní ilẹ̀ Faransé ń rù, wọ́n ń làágùn, ara wọn ń gbóná, àwọn kan sì kú. Kò jọ ohun tí ènìyàn yóò fi ṣe oògùn, àbí? Síbẹ̀, ní ọdún 1933, àwọn oníṣègùn kan ní Stanford ní Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn tí ń dín sísanra kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì gbé e mì. Lóòótọ́ ni wọ́n rù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó lò ó, ojú àwọn kan bò, ooru ara pa àwọn mìíràn, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì fòfin lé e kúrò nínú oògùn ènìyàn ní ọdún 1938. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni Loomis àti Lipmann fi ìdí rẹ̀ hàn: oògùn náà ń jẹ́ kí iná jó kíkankíkan nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ó já okùn tí ó so iná náà mọ́ ATP, gbogbo agbára oúnjẹ sì di ooru lásán. Àwọn èròjà mìíràn tún wà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìrísí wọn kò sì jọ ti dinitrophenol rárá. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé èròjà agbedeméjì kan ni gbogbo wọn ń bà jẹ́ yóò ní láti ṣàlàyé bí oríṣiríṣi kọ́kọ́rọ́ tí kò jọra ṣe ń ṣí àgádágodo kan ṣoṣo.

Ọkùnrin tí ó tú àdììtú méjèèjì pọ̀ kò sí nínú agbo àwọn ọdẹ èròjà agbedeméjì. Peter Mitchell ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1920 ni wọ́n bí i ní Mitcham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Cambridge, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Edinburgh ní 1955. Bakitéríà ni òun àti Jennifer Moyle, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́, ń yẹ̀ wò, wọ́n sì fẹ́ mọ bí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti ń gbé nǹkan wọlé àti jáde láàárín awọ fẹ́lẹ́ tí ó bò wọ́n. Ẹni tí ó ti ń ronú nípa ògiri àti ẹnu-ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè rí ohun tí ẹni tí ń gún gbogbo ilé lódó kò ní rí.

Ní oṣù Keje ọdún 1961, nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Nature, Mitchell sọ pé kò sí èròjà agbedeméjì. Ó ní wọ́n ń wá ohun tí kò sí. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń ti ọwọ́ cytochrome kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì nínú awọ fẹ́lẹ́ mitokọ́ńdíríà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti pírótọ́ọ̀nù, èyíinì ni haidirójìn tí a ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, sí apá kan awọ náà. Awọ náà kò jẹ́ kí wọ́n padà bí ó ti wù wọ́n. Nítorí náà wọn a pọ̀ ní apá kan, wọn a ṣọ̀wọ́n ní apá kejì. Apá kan a kan bí omi ọsàn, èkejì a sì súnmọ́ ìwà omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ fún wọn láti padà ni ènsáímù kan tí ó gún ilé sínú awọ náà, bí wọ́n sì ti ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ó ń fi agbára ìwọ́kọjá wọn so fọ́sífétì láti ṣe ATP.

Ẹni tí ó bá ti rí ìsédò tí a fi ń ṣe iná mànàmáná ti mọ ohun tí Mitchell ń sọ. Kì í ṣe omi ni ó ní agbára. Omi inú odò àti omi ẹ̀yìn ìsédò, omi kan náà ni. Agbára náà wà nínú gíga tí apá kan fi ga ju èkejì lọ, ògiri ni ó sì ń dá gíga yìí sí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọn kò fi lè rí i nínú ìgò: ìyàtọ̀ kò ṣeé yọ sọ́tọ̀, kò ṣeé wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n gún mitokọ́ńdíríà, ìsédò ni wọ́n wó. Dinitrophenol ńkọ́? Ó lè wọ inú ọ̀rá awọ náà kí ó sì gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń gbé pírótọ́ọ̀nù dání bí ó ti ń kọjá; ihò ni ó ń lù sí ara ìsédò. Ohunkóhun tí ó bá sì lè lu ihò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bí ìrísí rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ti dinitrophenol. Kí ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni ìyàtọ̀ yìí. Nǹkan bí ìdá mẹ́fà fóólìtì kan ni ó wà láàárín apá méjèèjì, ṣùgbọ́n awọ náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá na ìwọ̀n náà dé mítà kan, yóò tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù fóólìtì.

Wọn kò kí i káàbọ̀. Atọ́kùn ètò wa bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé ìlara ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a ṣọ́ra kí a má sọ ìtàn sáyẹ́ǹsì di ìtàn akọni kan àti òmùgọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1961, Mitchell kò ní àdánwò tirẹ̀ kan tí ó lè fi gbe àbá náà lẹ́sẹ̀. Èdè tí ó fi kọ ọ́ ta kókó, ó sì ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń sọ fún àwọn tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ lórí ìwádìí kan pé òfo ni wọ́n ń dọdẹ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó níbẹ̀ ní ọdún náà, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọgbẹ́ inú ń yọ Mitchell lẹ́nu, ó sì fi Edinburgh sílẹ̀ ní ọdún 1963. Ó tún ilé ńlá àtijọ́ kan ṣe lẹ́bàá Bodmin ní ẹkùn Cornwall, ilé tí ń jẹ́ Glynn House, òun àti Moyle sì dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n dá owó rẹ̀, nǹkan bí £250,000. Láti ibẹ̀ ni ó ti tẹ ìwé méjì tí ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ eérú jáde fúnra rẹ̀, ọ̀kan ní 1966, èkejì ní 1968. Ibẹ̀ náà ni Moyle ti ṣe àwọn àdánwò tí ó gbe àbá náà dìde. Wọ́n fi mitokọ́ńdíríà ẹ̀dọ̀ eku sínú omi tí kò ní ọ́síjìn, wọ́n fún un ní ọ́síjìn díẹ̀ bíńtín, wọ́n sì rí i pé omi tí ó yí i ká kan sí i lójú ẹsẹ̀: pírótọ́ọ̀nù ti jáde, gẹ́gẹ́ bí Mitchell ti wí.

Àmọ́ ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ mi agbo náà tìtì, ewé ni ó ti wá. Ìdí wà tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń darí iṣẹ́ kilorópíláàsì. Bí a bá gbé e sínú òkùnkùn, ìtò àwọn tí ń na ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù síra wọn dákẹ́. Ní ọdún 1966, André Jagendorf àti Ernest Uribe, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, rẹ awọ inú kilorópíláàsì ẹ̀fọ́ spinach sínú ásíìdì ní òkùnkùn títí ásíìdì fi wọ inú àwọn àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lójijì, wọ́n yí omi ìta padà sí ti eérú, wọ́n sì fi fọ́sífétì àti èròjà tí a fi ń ṣe ATP sí i. Kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ìjóná. Síbẹ̀ ATP jáde. Ìyàtọ̀ láàárín apá méjì awọ nìkan ni wọ́n fún un, ó sì fi í ṣiṣẹ́.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Àwọn kan ní ìwà ewé lè yàtọ̀ sí ti ẹranko. Àwọn mìíràn ní ó lè jẹ́ pé ásíìdì ni ó ṣẹ̀dá èròjà agbedeméjì náà. Ní ọdún 1974, Efraim Racker àti Walther Stoeckenius ṣe ohun kan tí mo kà sí ọ̀kan nínú àwọn àdánwò tí ó dára jù lọ nínú sáyẹ́ǹsì ọ̀rúndún náà. Wọ́n fi ọ̀rá ẹ̀wà sóyà ṣe àpò kéékèèké. Wọ́n fi purotéènì aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n mú lára kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú omi iyọ̀, sí ara àpò náà. Ìmọ́lẹ̀ ni purotéènì yìí fi ń ti pírótọ́ọ̀nù. Wọ́n wá fi ènsáímù tí ń ṣe ATP, èyí tí wọ́n yọ nínú mitokọ́ńdíríà ọkàn màlúù, kún un. Wọ́n tan iná sí i, ATP sì jáde. Ẹ̀wà, kòkòrò àìfojúrí, màlúù: kò sí ohun alààyè kan tí ó kó àwọn mẹ́ta yìí pọ̀. Èròjà agbedeméjì wo ni ì bá wà tí yóò gbọ́ èdè kòkòrò àìfojúrí àti ti màlúù?

Ní ọdún 1977, ìwé àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún lórí ẹ̀kọ́ yìí pe àwọn ọ̀gá mẹ́fà, Boyer, Chance, Ernster, Mitchell, Racker àti Slater, láti jọ kọ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Wọn kò lè fi ohùn kan kọ ọ́, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ apá tirẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo wọn ti gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú àwíjàre, pé ìyàtọ̀ láàárín apá méjì awọ ni okùn náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fún Mitchell nìkan ní ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́míkà. Moyle kò sí níbẹ̀, lójú tèmi ìyẹn sì kù díẹ̀ káàtó. Nínú ọ̀rọ̀ tí Mitchell sọ lọ́jọ́ náà, ó mẹ́nu ba èrò Max Planck pé àtakò kì í tán lórí èrò tuntun àfi bí àwọn alátakò bá kú tán. Ó wá yin àwọn alátakò tirẹ̀ pé wọ́n wà láàyè, wọ́n yí ọkàn padà, wọ́n sì ràn án lọ́wọ́.

Òun náà kò ṣàì ní agídí tirẹ̀. Ní 1977, Mårten Wikström, ará Finland, fi hàn pé cytochrome tí ó kẹ́yìn nínú ìtò náà ń ti pírótọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, èyí tí kò bá àwòrán tí Mitchell yà mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Mitchell fi bá a jiyàn kí ó tó gbà. Lórí bí ènsáímù náà ti ń ṣe ATP pẹ̀lú, Paul Boyer ní California ni ó jàre. Mitchell rò pé ibi tí a ti ń so fọ́sífétì gan-an ni pírótọ́ọ̀nù ń gbà kọjá. Boyer ní rárá, wọ́n kàn ń yí apá kan ènsáímù náà bí ẹni ń yí ọlọ ni, yíyí náà ni ó sì ń ṣí ọwọ́ ènsáímù náà kí ATP tí ó ti wà níbẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Mitchell kú ní ọdún 1992. Ní 1994, John Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge tẹ àwòrán ènsáímù ọkàn màlúù jáde, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé apá mẹ́ta tí ó yí ọ̀pá àárín ká kò dúró bákan náà. Boyer àti Walker pín ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti 1997. Jens Skou, ará Denmark, ni ó gba ìdajì kejì fún iṣẹ́ mìíràn.

Nínú ọdún 1997 kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan mẹ́rin, Noji, Yasuda, Yoshida àti Kinosita, de ènsáímù yìí, tí wọ́n mú lára bakitéríà, mọ́ ojú díńgí, wọ́n sì so fọ́nrán tí ń tàn yanran kan mọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀. Wọ́n fún un ní ATP kí ó máa ná an, kí ó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n wo inú maikirosíkóòpù, wọ́n sì rí fọ́nrán náà tí ń yí po, tí ó ń yí po, sí apá kan ṣoṣo.